Àpótí Àpẹẹrẹ Òkúta Aláyìípadà: Àwọn Òkúta Inú Rẹ̀ Dára Ju Ìwé Tó Bá A Wá Lọ

Àpótí onígi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ irú èyí tí àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń to òkúta aláyìípadà, ìyẹn òkúta tí ooru àti ìfúnpọ̀ inú ilẹ̀ ti sọ di òmíràn, sí fún akẹ́kọ̀ọ́, fún olùkọ́, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá wù láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀. Òkúta mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kún àtẹ́lẹwọ́ dáadáa, nọ́ńbà kékeré sì wà lára wọn kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó tò ó kò kàn kó òkúta tó rẹwà jọ. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ mẹ́rin sí i, ìyẹn òkúta amọ̀, òkúta ẹfun, òkúta iyanrìn àti basalt (òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde), kí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lè gbé òkúta kan dání bó ṣe rí kí ó tó yí padà, kí ó sì gbé èyí tó ti yí padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpótí irú èyí ni kì í ní òkúta ìpìlẹ̀; wọn á kàn kó mábìlì àti gneiss, òkúta onílà dúdú àti funfun, síwájú èèyàn bí ẹni pé láti ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́. Mo gbóríyìn fún ìtòjọ náà tọkàntọkàn. Ẹ̀sùn méjì ni mo ní síbẹ̀: ìwé pẹlẹbẹ tó bá àpótí náà wá kò ṣe é gbára lé níbi tó ṣe pàtàkì jù lọ, àwọn òkúta náà sì sọ ìtàn ooru délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá ìtàn ìfúnpọ̀ dúró lágbedeméjì.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìwé náà bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ṣí. Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ fún wa pé ooru àti ìfúnpọ̀ ló ń yọ́ òkúta àtijọ́ kí ó tó di òkúta tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà rárá. Òkúta tó bá yọ́, tó sì wá tutù, tó dì, kì í ṣe òkúta aláyìípadà mọ́. Ó ti bọ́ sí agbo àwọn òkúta tí iná bí, níbi tí òkúta akọ àti basalt wà. Ohun tó mú òkúta aláyìípadà yàtọ̀ gan-an ni pé ó ń yí padà nígbà tó ṣì le gbagidi. Àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ ń ṣí kúrò ní ipò wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba ojú ààlà hóró kan bọ́ sí òmíràn, omi táṣẹ́rẹ́ tó há sáàárín àwọn hóró náà sì ń bá wọn gbé ẹrù, títí tí àlùmọ́nì (ìyẹn àwọn ohun oníkírísítà tó para pọ̀ di òkúta) tí kò lè fara da ipò tuntun náà yóò fi tú ká, tí èyí tó lè fara dà á yóò sì dìde láti inú èròjà kan náà. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òkúta náà kò di omi.

Kí ni ipò tuntun náà wá jẹ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi lórí àwọn ilẹ̀ ńlá ayé, bí a bá ń wọ inú ilẹ̀ lọ, ooru máa ń fi nǹkan bíi 25°C sí 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìyípadà tó ṣe é fojú rí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 200°C, èyí tó túmọ̀ sí pé òkúta náà ti lọ sí ìsàlẹ̀ tó kìlómítà méje tàbí mẹ́jọ. Ẹrù àwọn òkúta tó wà lórí rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ bákan náà: bí a bá fi ń tó kìlómítà mẹ́ta àtààbọ̀ wọlẹ̀, ìfúnpọ̀ á ti tó nǹkan bíi kílóbà kan, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1,000 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lójú ilẹ̀. Ní òpin kejì, tí ooru bá ti ń sún mọ́ 650°C sí 700°C, tí omi díẹ̀ sì wà nínú òkúta náà, apá kan rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Láàárín ibi méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé náà kò mẹ́nu ba ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn iye yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ya àwòrán atọ́ka tó dára sí inú ìdérí àpótí náà, tí ooru wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ìfúnpọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ya àwòrán náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó kọ ìwé kò bá a pàdé rí.

Òkúta kẹfà inú àpótí náà fúnra rẹ̀ tako ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. Migmatite ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ìlà funfun tó wú tó sì tẹ̀ kọrọkọrọ láàárín ìlà dúdú. Ibi funfun yẹn ni ó yọ́ lóòótọ́, tí àlùmọ́nì quartz àti feldspar inú rẹ̀ wá dì padà. Ibi dúdú ni kò yọ́, tó dúró bó ṣe le. Ojú ààlà ni òkúta yìí dúró sí, ẹsẹ̀ kan nínú agbo àwọn aláyìípadà, ẹsẹ̀ kejì nínú agbo àwọn tí iná bí. Olùkọ́ tó bá gbọ́n lè fi í ṣe ìbéèrè fún kíláàsì rẹ̀: bí ooru bá ń yọ́ gbogbo òkúta aláyìípadà, kí ló dé tí èyí nìkan fi ní àpá yíyọ́ lára?

Mo ti wá dé ibi tí àpótí yìí ti yẹ fún ìyìn jù lọ, ìyẹn òkúta àkọ́kọ́ títí dé ìkarùn-ún. Òkúta amọ̀ ni àkọ́kọ́, sílétì tẹ̀ lé e, phyllite tẹ̀ lé sílétì, lẹ́yìn náà ni schist tó ní garnet nínú, gneiss sì ló kẹ́yìn. Ẹ̀dá kan náà ni wọ́n ní ti èròjà. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ìgbóná àti ìjìnlẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ti pọ̀ tó. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì níwọ̀n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi awò kékeré tó wà nínú àpótí, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá lójú, yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú òkúta amọ̀, awò kò ní fi ohunkóhun hàn yín ju àwọ̀ eérú lọ, nítorí àwọn hóró amọ̀ kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà. Sílétì náà ṣì rí bákan náà lábẹ́ awò, ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná kan etí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó fẹ́ là sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Máíkà, àlùmọ́nì pẹlẹbẹ tó ń dán, ti hù nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, gbogbo wọn sì kọ ojú sí ibì kan náà. Nígbà tó fi máa di phyllite, àwọn máíkà náà ti dàgbà díẹ̀, wọ́n sì ń dán bíi ṣẹ́dà bí ẹ bá yí òkúta náà síwá-sẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ kò tíì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nínú schist ni máíkà ti wá tóbi débi tí ẹ lè fi orí abẹ́rẹ́ ṣí i kúrò ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn hóró garnet pupa rẹ́súrẹ́sú sì jókòó sáàárín wọn, onígun púpọ̀, tí àwọn máíkà rọra yí ká wọn bí omi odò ṣe ń yí àpáta ká. Ẹ wo èyí tó tóbi jù nínú àwọn garnet tó wà lára òkúta kẹrin. Ó hàn gbangba pé kò sí garnet kankan nínú òkúta amọ̀ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Inú òkúta náà gan-an ló ti hù, láti ara irin, aluminium àti silica tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ooru ti ń lọ sí nǹkan bíi 500°C.

Ìwé náà kò sọ ohun tí òkúta yìí ń pàdánù bó ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ omi ni. Amọ̀ kún fún omi, kì í sì í ṣe èyí tó rin ín nìkan, bí kò ṣe èyí tó wà nínú kírísítà rẹ̀ gan-an. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i ni omi náà ń jáde: amọ̀ di máíkà àti chlorite (àlùmọ́nì aláwọ̀ ewé), díẹ̀ nínú omi jáde, chlorite tú ká di biotite (máíkà dúdú) àti garnet, omi sí i jáde, tó bá fi máa di gneiss, òkúta náà ti gbẹ púpọ̀. Omi tó ń jáde yìí kì í ṣe ẹlẹ́rù lásán. Òun ló ń ru átọ̀mù láti ibì kan dé ibòmíràn, tí ìyípadà fi ń yára. Òun náà ló jẹ́ ká lóye ìdí tí òkúta aláyìípadà fi ń wá sójú ilẹ̀ láìpadà di amọ̀ bó ti ń tutù. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó yẹ kí ó padà, nítorí garnet kì í ṣe àlùmọ́nì tó bá ìgbóná ojú ilẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n omi tí ìbá ràn án lọ́wọ́ láti padà ti sá lọ tipẹ́, òtútù sì ti sọ àwọn átọ̀mù di arọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nínú àpótí yìí, nítorí náà, jẹ́ àkọsílẹ̀ ibi tó gbóná jù tí òkúta kọ̀ọ̀kan dé, èyí tí òtútù kò lè pa rẹ́.

Lórí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni George Barrow, tó ń ya máàpù àwọn òkè Scotland, gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà. Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1893, ó fi hàn pé bí èèyàn ṣe ń rìn kọjá lórí òkúta tí ìpìlẹ̀ wọn jẹ́ amọ̀ ní ibẹ̀, àwọn àlùmọ́nì kan máa ń yọ tẹ̀ léra wọn ní ìlànà tí kì í yẹ̀. Ìlànà tí a mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí ń lọ láti chlorite sí biotite, garnet, staurolite, kyanite, ó sì parí sí sillimanite. Ní 1915, Pentti Eskola, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, gbé e síwájú sí i nígbà tó sọ pé kì í ṣe àlùmọ́nì kan ṣoṣo ló yẹ ká máa wò, bí kò ṣe gbogbo àwọn tó jọ wà nínú òkúta kan, nítorí àpapọ̀ wọn ló ń jẹ́rìí sí bí ooru àti ìfúnpọ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwòrán atọ́ka inú ìdérí yẹn, èrò Eskola ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kan tó dárúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì nínú ìwé náà ì bá tó, ṣùgbọ́n wọn kò rí àyè fún un láàárín àwọn fọ́tò ńlá ńlá.

Ó wá kan ìfúnpọ̀. Ìwé náà ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ méjì ni, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Èyí àkọ́kọ́ ń tẹ òkúta lọ́gbọọgba láti gbogbo ìhà. Kì í yí ìrísí òkúta padà, ṣùgbọ́n ó ń fún àwọn átọ̀mù mọ́ra, ó sì ń gbè lẹ́yìn àlùmọ́nì tó bá wúwo tí kò gba àyè púpọ̀. Èkejì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ, irú èyí tó máa ń wáyé níbi tí abala ńlá méjì nínú èèpo ilẹ̀ ayé ti ń kọ lu ara wọn tí òkè sì ń ga sókè láàárín wọn. Òun ló ń to máíkà lẹ́sẹẹsẹ. Bí a bá da ìwé pélébé pélébé sínú páálí wúruwùru, tí a wá fi pákó méjì fún un láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ìwé náà á kọjú sí pákó; bẹ́ẹ̀ ni ti máíkà rí, àfi pé máíkà kì í yí lásán, ó ń tú ká níbi tí agbára ti ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń hù tuntun ní ìhà tó gbà á láyè. Quartz náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ á tú ká sínú omi táṣẹ́rẹ́ yẹn, á sì lọ dì sí ẹ̀gbẹ́ tí kò sí wàhálà, hóró rẹ̀ á wá gùn.

Ẹ̀rí tó dára jù fún ọ̀rọ̀ yìí wà lára sílétì inú àpótí, bí ìwé náà kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ju ara tó kù lọ dábùú rẹ̀ kọjá, kò sì bá ojú ibi tí sílétì náà ti ń là lọ déédéé rárá. Ó gé e kọjá ní igun. Ìlà yẹn ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtijọ́, ìpele tí ẹrẹ̀ fi jókòó sí ìsàlẹ̀ omi nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrẹ̀. Ojú tó ń là ní tirẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bí ẹrẹ̀ ṣe jókòó. Agbára tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ló fà á. Ìtàn méjì ló wà lára òkúta kan yìí, ọ̀kan jẹ́ ti omi, èkejì jẹ́ ti òkè tó ń ga. Mo gbà pé ẹni tó yan ẹ̀yà yìí mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni. Mábìlì àti quartzite (òkúta iyanrìn tó ti yí padà) kì í fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa, nítorí calcite, àlùmọ́nì inú mábìlì, àti quartz inú quartzite kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi máíkà.

Mábìlì ni òkúta kẹjọ, ó funfun, ó sì ń tàn wínníwínní bíi ṣúgà. Ẹ kán ásíìdì díẹ̀ sí i lára láti inú ìgò tó bá àpótí náà wá, á hó ṣúṣú, bí òkúta ẹfun tó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ náà yóò ṣe hó, nítorí calcite ni àwọn méjèèjì. (Ẹni tí ọmọdé bá wà nílé rẹ̀, kí ó wá ibi gíga fi ìgò náà sí, ìdérí rẹ̀ kò le tó.) Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìkarahun àti hóró wẹ́wẹ́ tó wà nínú òkúta ẹfun ti parẹ́ nínú mábìlì, àwọn kírísítà calcite ti dàgbà, wọ́n sì ti di ara wọn mú pinpin. Calcite kò le púpọ̀, nọ́ńbà 3 péré ló ní lórí òṣùwọ̀n líle Mohs tó ń lọ láti 1 dé 10, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi lè ha mábìlì, tí agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ òkúta sì ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ayébáyé. Láti inú mábìlì Carrara ní Ítálì ni Michelangelo ti gbẹ́ ère Dáfídì. Quartzite, ẹ̀wẹ̀, kò gbà kí ọ̀bẹ ha òun, nítorí quartz ní 7. Ẹ fi ibi tó ti kán wé ti òkúta iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òkúta iyanrìn ń kán yí ká hóró iyanrìn, ó sì ń rí ṣákaṣàka lọ́wọ́, ṣùgbọ́n quartzite ń kán gba àárín hóró kọjá, nítorí kò sí ìsopọ̀ aláìlágbára kankan mọ́ láàárín wọn.

Lórí mábìlì, ó yẹ kí ìwé náà sọ ìtàn James Hall ará Scotland, ẹni tó fi ìdánwò fi hàn, ní ìparí ọ̀rúndún 18 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, pé ooru nìkan kò tó. Bí a bá sun òkúta ẹfun ní gbangba, gáàsì carbon dioxide inú rẹ̀ á jáde, ohun tó máa kù kò ní ju èérún ẹfun jíjó lọ. Hall wá rọ ẹfun sínú ọ̀pá ìbọn, ó dí i pa kí gáàsì má lè jáde, ó sì fi í sínú iná ńlá. Àwọn kan nínú ọ̀pá náà bẹ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò bẹ́, ó rí ohun líle oníkírísítà tó jọ mábìlì. Ìfúnpọ̀ ló dá gáàsì náà dúró, tí ooru fi ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdánwò yìí nìkan ti tó láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń dárúkọ ooru àti ìfúnpọ̀ pa pọ̀.

Hornfels inú àpótí náà jẹ́ òkúta dúdú kan tí kò fani mọ́ra, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Òkúta amọ̀ ni òun náà ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sísàlẹ̀. Òkúta yíyọ́ tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ló wá bá a níbi tó wà, tó sì sè é láti ẹ̀gbẹ́. Ooru rẹ̀ pọ̀, kò sì sí agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìhà kan ju èkejì. Nítorí náà ni àwọn hóró inú rẹ̀ fi kọjú síbi tó wù wọ́n, tí òkúta náà kì í là sí pẹlẹbẹ, tó sì ń dún bí irin tí a bá fi òòlù kàn án. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ schist, ẹ ó rí ohun tí ooru lè dá ṣe àti ohun tí kò lè dá ṣe.

Ibí yìí gan-an ni àpótí náà ti kùnà. Ó fún wa ní òkúta tó gba ooru púpọ̀ pẹ̀lú ìfúnpọ̀ kékeré, ó sì fún wa ní ọ̀wọ́ àwọn tó gba méjèèjì ní ìwọ̀n tó ń bára wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó gba ìfúnpọ̀ ńlá pẹ̀lú ooru kékeré. Irú ipò bẹ́ẹ̀ wà, ibi tí ìsàlẹ̀ òkun ti ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn ló sì ti ń wáyé. Òkúta tútù náà ń yára wọlẹ̀ ju bí ooru ṣe lè wọ inú rẹ̀ lọ, ìfúnpọ̀ á ti ga gan-an kí ó tó gbóná. Basalt tó bá gba ọ̀nà yìí á di blueschist, tí àlùmọ́nì glaucophane ń sọ di aláwọ̀ búlúù. Tó bá tún lọ sísàlẹ̀ sí i, á di eclogite, garnet pupa nínú àlùmọ́nì pyroxene aláwọ̀ ewé, òkúta tó lẹ́wà tó sì wúwo. Ìwúwo rẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: basalt tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 3, ti eclogite sì lè dé 3.5, láìfi èròjà kankan kún un. Ohun tí ìfúnpọ̀ ń ṣe nìyẹn, ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ máa mọ̀ ọ́n lára. Àpótí yìí fi basalt sí ipò kejìlá, ó sì fi amphibolite, tí ooru àti ìfúnpọ̀ alábọ́ọ́dé sọ ọ́ dà, sí ipò kẹtàlá, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àyè méjì tó tẹ̀ lé e, òkúta ọṣẹ àti serpentinite ni wọ́n fi dí i. Omi gbígbóná ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, wọn kò sì bá ohun tí ìyókù ń sọ mu.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀ ńlá yìí kò kan akẹ́kọ̀ọ́, kí ó rántí ohun tí onímọ̀ òkúta Christian Chopin rí ní òkè Alps ìhà ìwọ̀ oòrùn, tó sì gbé jáde ní 1984. Nínú garnet kan láti Dora Maira ní Ítálì, ó rí coesite, irú silica kan tí kì í wáyé nínú ilẹ̀ àfi tí ìjìnlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 kìlómítà tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta tó ti wà lójú ilẹ̀ rí, tó lọ sí irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì tún padà wá sókè: kò sẹ́ni tó lè ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lára schist tàbí mábìlì.

Ohun kan ṣoṣo tó gbìyànjú láti dí àlàfo yìí ni òkúta kẹrìndínlógún, kyanite, búlúù rẹ́súrẹ́sú, tó gùn gbọọrọ bí abẹ fífẹ̀. Èròjà kan náà ló wà nínú òun àti àlùmọ́nì méjì mìíràn, andalusite àti sillimanite, ìyàtọ̀ wọn kò sì ju bí átọ̀mù ṣe tò lọ. Andalusite ń hù níbi tí ìfúnpọ̀ ti kéré, kyanite níbi tó ti pọ̀, sillimanite níbi tí ooru ti ga, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pàdé ní ojú kan ṣoṣo, ní nǹkan bíi 500°C àti kílóbà mẹ́rin. Àwòrán inú ìdérí fi ojú ìpàdé yìí hàn kedere. Ẹ mú ọ̀bẹ onírin, kí ẹ fi ha kyanite náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ gígùn rẹ̀: ó máa ní àpá. Ẹ wá ha á ní ìdábùú: ọ̀bẹ á yọ̀ kúrò. Kírísítà kan náà ni, líle rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5 ní ọ̀nà kan, ó sì ń lọ sí 7 ní ọ̀nà kejì. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú àpótí yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù, ó sì ṣeni láàánú pé andalusite àti sillimanite kò sí níbẹ̀ láti bá a kẹ́gbẹ́.

Ní ti àwọn ohun èlò, awò náà mọ́ kedere, pálí tí wọ́n to òkúta sí kò jẹ́ kí wọ́n máa gbá ara wọn, gọ́ọ̀mù ara nọ́ńbà kò sì ṣí kódà nígbà tí omi kàn án. Pèpéle funfun tí wọ́n ní ká máa fi yẹ àwọ̀ ìyẹ̀fun òkúta wò kò wúlò púpọ̀ níbí, nítorí ìyẹ̀fun ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òkúta yìí funfun ni. Gneiss tí wọ́n fi sí i tóbi tó láti fi ìlà dúdú àti funfun rẹ̀ hàn. Irú òkúta yìí náà ni Acasta Gneiss ní Kánádà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún, ọ̀kan nínú àwọn òkúta tó dàgbà jù tí a mọ̀ láyé.

Mo gba olùkọ́ nímọ̀ràn láti ra àpótí yìí, mo sì gba ẹni tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn bákan náà, bí ó bá ti ṣe tán láti jókòó ti òkúta márùn-ún àkọ́kọ́ àti àwòrán inú ìdérí, kí ó sì fi ìwé náà sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìwé ló fẹ́ gbára lé, kí ó wá òmíràn. Kí àwọn tó ra á tètè wá ẹ̀yà eclogite kan kún un, kódà kí ó kéré bí ìka ọwọ́, kí wọ́n sì tò ó sẹ́yìn basalt àti amphibolite. Ní ti àwọn tó ń ṣe àpótí náà, iṣẹ́ tó kù fún wọn kò pọ̀: kí wọ́n yọ òkúta ọṣẹ àti serpentinite, kí wọ́n fi blueschist àti eclogite rọ́pò wọn, kí wọ́n kọ iye kìlómítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kílóbà lórí àwòrán atọ́ka náà, kí wọ́n sì tún ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé wọn kọ láìsí ọ̀rọ̀ yíyọ́ nínú rẹ̀.